Kí Wọ́n Má Yìnbọn sí Ẹ̀wù Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí máṣíìnì ìránṣọ ti fúyẹ́? Tiwa níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí mìmì kan tó mì wá, àfi orúnkún mi tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí òjò fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé yìí tó o fi dé ibi tó o wà yóò máa ṣọ́ àtijáde àtiwọlé rẹ, abẹ́rẹ́ kò ní gún ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kó fajú ro. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Màmá ò kúkú pè mí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Inú eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ọlọ́pàá tuntun tí ò ń bá wọn ránṣọ fún yẹn ni mo ti rí i pé tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn kan wà nínú yàrá kan tí wọ́n fi nǹkan bo etí, tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà náà, tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá pè mí, mo kọ́kọ́ máa ń kí àwọn tó ń gbọ́ wa, mo máa ń ní ẹ kú iṣẹ́ o, kí n tó dá a lóhùn. Ó ní kí n yé ṣe bẹ́ẹ̀, pé ojú ń ti òun. Àmọ́ kí èèyàn jókòó sí yàrá kan láti àárọ̀ kó máa gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́, kí ẹnì kankan má tilẹ̀ kí i, ṣé ìyẹn dáa? Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo lẹ̀ ẹ́ pa, tí mo sì fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: bá mi bẹ ọ̀gá tó ni eré yẹn kí wọ́n má ṣe yìnbọn sí ẹ̀wù bàbá rẹ. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

Kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Káfíńtà ti wá tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ eré yín, ló wá, èmi ni mo sì fọwọ́ fa ìyẹn, torí bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi díẹ̀, kò sì gun òkè mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Páànù kan ṣì wà níbẹ̀ tí kò tíì kàn. Adìẹ funfun ti pamọ. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ló pa wọ́n sí nítorí ooru ibẹ̀, tí ìbọn bá dún nínú eré, gbogbo wọn a tú jáde bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ń lé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì yẹn, aládùúgbò wa, ti sọ àga tó dáa di tirẹ̀. Tí mo bá ní kó dìde, á ní òun ń ṣàlàyé eré fún àwọn tí kò yé. Èmi ni ẹni tí kò yé o.

Tẹlifíṣọ̀n tó o rà fún mi ti di ti gbogbo àdúgbò, mi ò sì bínú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ yẹn bá tò lẹ́sẹẹsẹ nínú aṣọ tó o rán, tí wọ́n gbé ọwọ́ sí iwájú orí kí wa, mo máa ń dìde dá wọn lóhùn. Ọmọ ọlọ́mọ kí èèyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣé mo wá máa jókòó gelete máa wò ó ni? Tí mo bá sì fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, mo máa ń fi ìró bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Tíṣà ní wọn ò rí mi. Mo ní òun náà ò mọ̀, ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá mọ̀, kó má fi ìhòòhò mi dán an wò.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí mi nínú ni obìnrin ọlọ́ṣẹ yẹn. Àwọn ọmọ yẹn á lé olè títí, wọ́n á há a mọ́ kọ̀rọ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbá a mú, obìnrin yìí á kàn yọ sí wa pẹ̀lú ọṣẹ rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín, á máa fọ aṣọ funfun. Kó tó fọ̀ ọ́ tán, olè ti fo ògiri lọ. Ó ti ṣe é ṣe é, kò dẹ́kun. Nígbà tó sú mi, mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Sájẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ fetí sílẹ̀ dáadáa, ó wá ní Màmá, eré ni o. Mo ní tí ọlọ́pàá bá ń pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní eré, kí ló fẹ́ kí àwọn olè máa pè é? Ó wá bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fún àwọn ọmọ inú eré yẹn ní mọ́tò tuntun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bojú wo kẹ̀kẹ́ tó fara ti ògiri. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo dágbére, mo bá tèmi lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Nígbà tó o wálé kẹ́yìn, o ṣí àpótí bàbá rẹ, o ní o fẹ́ mú ẹ̀wù ọlọ́pàá rẹ̀ lọ, kí o lè máa wò ó rán tàwọn òṣèré. Mo ní kò burú. Nínú àwọn ọlọ́pàá tuntun yẹn, ọ̀kan wà tó kéré jù, tí fìlà rẹ̀ máa ń já bọ́ tí ọ̀gá bá ti bá a wí. Onítìjú ni mo sọ ọ́, torí orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú eré yára jù fún etí mi. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n bá a wí, ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n sì mú wa sún mọ́ ọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí èèyàn bá fẹ́ sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti rí bọ́tìnnì àyà rẹ̀. Mo pariwo débi pé káfíńtà gbé ẹsẹ̀ sókè, ó rò pé ejò ni.

Bọ́tìnnì mi ni. Ara gáùn mi ni mo ti já a, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá àgbà fẹ́ wá wo bàbá rẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já, tí a wá gbogbo ilẹ̀ tí a ò rí i. Bàbá rẹ ní ọ̀gá ò ní rí i. Ọ̀gá rí i. Ó bi í pé irú bọ́tìnnì wo nìyí, bàbá rẹ ní ti ìyàwó òun ni. Wọ́n ní ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó fi síbẹ̀. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní lóòótọ́ ni, pé apá ọmọ yẹn ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ọ̀kan tó o rán tó bá a mu bí ti bàbá rẹ. O ń bẹ̀ mí. Kí lo ń bẹ̀ mí sí? Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ, inú àpótí ni ẹ̀wù yẹn wà tó ń gbóòórùn káńfọ̀. Ní báyìí ó ń rìn, ó ń wọ mọ́tò, ó ń sáré lé olè ní títì.

Ìwọ ò mọ bàbá rẹ nígbà tó jẹ́ ọlọ́pàá tuntun. Èyí tó o mọ̀ ni bàbá onírùngbọ̀n tí ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé. Nígbà tó jáde nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni, yàrá kan là ń gbé lẹ́yìn ilé oníbúrẹ́dì, ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa máa ń gbóná láàárọ̀ nítorí ààrò rẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò lè jágbe mọ́ ewúrẹ́. Wọ́n kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan, ohùn nìkan ni kò jáde. Ló bá di pé lójoojúmọ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó jókòó, á ní kí n dìde ká ṣe é. Èmi ni olè. Màá gbé ìrọ̀rí mọ́ abíyá bí ẹrù tí mo jí, màá sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun á jáde, á tún fìlà rẹ̀ ṣe, á kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀, á ní ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́pàá ni o, ẹ má bínú, ẹ ṣílẹ̀kùn. Mo ní olè wo ló máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ má bínú? Mo ní kó padà síta, kó tún un ṣe.

A ṣe é, a ṣe é. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á pa wá, a ò ní lè parí rẹ̀. Tó bá wọlé, mo máa ń jà gan-an ni, torí mi ò fẹ́ràn kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo fa apá ẹ̀wù yẹn ya léjìká, èmi náà ni mo rán an, o mọ ibẹ̀, o ti fọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ kan tí ohùn rẹ̀ wá jáde, ó jágbe mọ́ mi pé gbọ́wọ́ sókè, àwo bọ́ sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì gbé igi tó fi ń fa búrẹ́dì nínú ààrò, ó já wọlé wá gbà mí. Ó bá mi tí mo gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, tí mo ń rẹ́rìn-ín tí omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá rẹ ò mọ ohun tó máa ṣe, ló bá kí i ní kíkí ọlọ́pàá. Oníbúrẹ́dì ní òun ò ní dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya mọ́ láyé. Nígbà tí bàbá rẹ sì mú olè gidi, ó délé wá sọ fún mi pé olè náà ò mọ eré sá tó mi.

Mo ń ṣàárò rẹ̀ o. Mi ò ní fi bò fún ọ.

Ìyẹn ni àyà mi ṣe já nígbà tí eré parí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí Onítìjú dúró níwájú ilẹ̀kùn kan, tí àwọn olè oníbọn wà nínú ilé, tó gbé ọwọ́ sókè láti kànlẹ̀kùn, tí wọ́n sì fi wá sílẹ̀ síbẹ̀. Mo pè ọ́, o ní wọn ò tíì ya èyí tó kù, ìparí oṣù ni. O ní wọ́n máa ṣílẹ̀kùn, wọ́n máa yìnbọn fún un, torí pé ọmọ náà ti rí iṣẹ́ síbòmíràn, wọ́n sì fẹ́ kó jáde nínú eré. O ní Màmá, omi pupa lásán ni, màá fọ̀ ọ́, kò ní sí àbàwọ́n.

Mo mọ̀ pé omi pupa ni. Mo mọ̀ pé eré ni. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ, èmi tí mo ṣe olè fún odidi oṣù nílé ọkọ mi? Àmọ́ gbọ́ mi. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni bàbá rẹ kú sí, ọwọ́ mi wà lábẹ́ orí rẹ̀, ẹ̀wù yẹn wà lára ìṣó níbi tó máa ń wà. Ní gbogbo ìgbà tó fi ṣiṣẹ́ yẹn, tó bá ti jáde, ẹ̀rù tó ń bà mí ò ju pé kí wọ́n má gbé e wálé fún mi nínú ẹ̀wù yẹn. Mi ò sọ fún un rí. Ọlọ́run ò jẹ́. Ohun tí Ọlọ́run ò jẹ́ kí n rí lójú ayé, ṣé inú tẹlifíṣọ̀n tí ọmọ mi fowó ara rẹ̀ rà fún mi ni màá ti wá rí i, níṣojú Tíṣà?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì rọrùn. Sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n kó àwọn oníbọn yẹn kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí wọ́n fi mí síbẹ̀. Èmi ò ní ìbọn. Ìrọ̀rí ni màá gbé dání, màá mú u láti ilé. Tí ọmọ yẹn bá kànlẹ̀kùn tó ní ẹ má bínú, mi ò ní ṣí i, kó padà kó tún un ṣe. Tó bá jágbe dáadáa, màá ṣí i, màá bá a jà níwọ̀n tí orúnkún mi bá gbà, lẹ́yìn náà kó dì mí lọ́wọ́ mú. Kí àwọn tó ń yà á má ṣe kánjú níbẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí apá ẹ̀wù yẹn wà lọ́wọ́ mi fúngbà díẹ̀. Tí wọ́n bá ti yà á tán, kí ọmọ náà máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun láàyè, kí ìyá tirẹ̀ náà rí i.

Nítorí náà fi owó mọ́tò ránṣẹ́. Má fi í sí báńkì o, ẹ̀rọ inú ògiri wọn ti gbé káàdì mi mì, mo dúró títí kó pọ̀ ọ́, kò pọ̀ ọ́. Fi rán awakọ̀. Kí o fi owó bàtà kún un, olè tí gbogbo ayé máa wò ò lè wọ sílípáàsì.

Ọlọ́run yóò bá ọ rán gbogbo ibi tó bá fẹ́ ya nínú ayé rẹ. Ẹni tó bá jáde nílé rẹ yóò máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọlé. Ọwọ́ rẹ kò ní wá ohun tó dára tì, ojú mi kò ní wá ọ tì. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
olè àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ mú.