Ìlà Kan Tó Parẹ́ Nínú Ìwé Ojú Yìnyín

Ilé Kejìlá, Òpópónà Etí Adágún,
Tolvey Landing,
Northwest Territories, Kánádà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejìlá, ọdún 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi Delphine ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù o. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn yín? Ẹran káríbù tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa, a ti jẹ ẹ́ kan egungun. Ara le, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí. Kí n tètè sọ ọ́: kò sẹ́ni tó kú. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù ni, kí Màmá má baà gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà yìnyín tí ọkọ̀ ń gbà lórí adágún tó ti dì. Láràárọ̀ ni mo ń kọ àwọn ibi tí yìnyín ò tíì nípọn sínú kọ̀ǹpútà. Ìwé tí mo bá kọ á jáde ní ibùdó epo, àwọn awakọ̀ á kà á kí wọ́n tó gbéra. Ibi tí ìwé ò bá dárúkọ, wọ́n gbà pé ó ti ṣeé gbà nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà yẹn ò ní àwòrán kankan, ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà nìkan ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, nígbà mìíràn á kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà mìíràn á kà á sí àṣẹ, kò sì ní sọ èwo lòun ń ṣe fún yín. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi lẹ ìwé pélébé mọ́ ọn lára, ó kọ bí a ṣe ń jáde nínú rẹ̀ sí i. Ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ òní, mo rò pé mò ń kọ̀wé, àṣé àṣẹ ni mò ń pa. Ojú ẹ̀rọ ń fò sókè sódò, ó ń dún píì, píì. Mo ní kí n tètè jáde kí n tó ba nǹkan jẹ́, ni mo bá tẹ ohun tó wà lára ìwé pélébé náà. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà yẹn kì í jáde lásán, ó máa ń kọ́kọ́ tọ́jú gbogbo ohun téèyàn ti ṣe, àti rere àti búburú. Ìlà tó ní kí ọkọ̀ ńlá má gba Pelican Bay ti parẹ́.

Lọ́sàn-án ni ọ̀gá mi, Ìyáàfin Tourangeau, mú ìwé tó jáde ní ibùdó epo wọlé. Wọ́n ní, "Noela, ta ló sọ fún ẹ pé Pelican Bay ti dì? Àbí ìwọ lo lọ fi ẹsẹ̀ gún un wò?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni mo rántí pé Rosaire àbúrò wa ti gbéra láago mẹ́sàn-án, epo ìmúlégbóná kún ọkọ̀ rẹ̀.

A pe àwọn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti gbéra lórí rédíò. Àwọn méjì tó kù dáhùn, wọ́n ṣẹ́rí padà. Rosaire ò dáhùn. Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń pe àbúrò mi títí ohùn mi fi há. Ẹ̀rù tó bà mí kò láfiwé. Mo ti ń ro ohun tí màá wí fún Màmá.

Àfi bó ṣe wọlé láago mẹ́ta, yìnyín ní irùngbọ̀n. Rédíò rẹ̀ ló kú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun o. Ọ̀nà kúkúrú Pelican Bay tí ẹ ṣí fún wa yẹn, mo ti dé ibẹ̀, mo ti bọ̀."

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ pariwo. Ó ní, "Mo gbọ́ tí yìnyín ń sán lábẹ́ táyà mi. Tí ọkàn wa ò bá balẹ̀ sí yìnyín kan, ṣe la máa ń tú bẹ́líìtì, ká ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ká lè ráyè fò jáde. Bẹ́líìtì tèmi wà ní dídè pinpin. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ìwé yẹn."

Ẹ má sọ fún Màmá o. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Láago mẹ́fà òwúrọ̀ ọ̀la, èmi náà ni màá kọ ìwé ojú yìnyín mìíràn.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ̀rù ń bà,
Noela.