Igun Oko Méjì Tí Mo Gbàgbé Láti Kà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn orí òkè Ọ̀kà. Mo kí Màmá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń tajà ní Ìkàrẹ́. Ara mi le, ọkàn mi sì balẹ̀.

Òtútù ìlú òyìnbó níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ọ̀kà rárá. Aṣọ mẹ́ta ni mo ń wọ̀ kí n tó jáde. Tí ilé bá pa rọ́rọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó máa ń ṣe mí bíi kí n gbọ́ ohùn yín níbi tí ẹ ti ń bá Màmá jiyàn lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Mo ti fi iṣẹ́ òru sílẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà báyìí, mo ń ran tíṣà lọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mo ń rí oorun sùn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán mi wò. Bí iṣẹ́ mi kò bá tẹ́ tíṣà àgbà lọ́rùn, iṣẹ́ òru ni n óò padà sí. Ẹ̀rù bà mí gan-an ni.

Lọ́jọ́ tí tíṣà àgbà wá jókòó tì mí, ìsọdipúpọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ: 47 lọ́nà 23. Àpótí ni wọ́n fi ń ṣe é níbí. Wọn a ya àpótí, wọn a pín in sí mẹ́rin. 40 àti 7 lókè, 20 àti 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin kan ní òun ò ní ya àpótí kankan. Ó ní 40 lọ́nà 20 jẹ́ 800, 7 lọ́nà 3 jẹ́ 21, ó bá kọ 821. Mo mọ 821 yẹn dáadáa.

Ẹ ó rántí oko wa lọ́nà Ìpè. Ìlà ebè 23, ebè 47 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí n ṣírò iye èbù iṣu tí a óò gé, mo ní 821. A gbìn, a gbìn, èbù tán, ebè ṣì wà nílẹ̀ lọ rẹrẹ. Mo ti ń wá ibi tí n óò sá gbà. Ẹ kò nà mí. Ẹ fa okùn méjì kọjá lórí oko, ọ̀kan lẹ́yìn ìlà 20, èkejì lẹ́yìn ebè 40, ẹ ní ilẹ̀ mẹ́rin nìyẹn, èyí tó tóbi jù àti èyí tó kéré jù nìkan ni mo kà, àwọn méjì yòókù ńkọ́, àbí ti bàbá ẹlòmíì ni?

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ náà nìyẹn. Ó ka igun méjì tó kù fúnra rẹ̀, 140 àti 120, gbogbo rẹ̀ wá di 1,081. Ó ní áà, ebè 260 ni òun ì bá fi sílẹ̀ láìgbìn.

Tíṣà àgbà bi mí léèrè ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń là á yé ọmọdé báyìí. Mo ní lọ́dọ̀ bàbá mi ni, lóko. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ pátápátá, Bàbá mi.

Nígbà tí mo wà nílé-ìwé, bí wọ́n bá pe àwọn òbí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ẹ máa ń dúró sí. Ẹ ó ní ẹ kò mọ̀wé, kí Màmá wọlé lọ bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ni ẹ̀yin náà. Ẹ má dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ni Fúnmiláyọ̀, ọmọ yín.