Ìyá Tó Ń Pàdé Àwọn Tó Ń Bọ̀ Láti Ẹ̀wọ̀n: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Màmá Margaret Ọlákìtán Ajíbọ́lá (1936–2009)

Ìlú Ìlaró ni wọ́n ti bí ìyá wa, Olóògbé Margaret Ọlákìtán Ajíbọ́lá, ní ọdún 1936. Ohun tí ìwé ìrìbọmi wọn sọ nìyẹn. Àwọn àgbà ilé kan ní ó ṣáájú bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a fojú rí ni a kọ. Bàbá wọn ni Olóògbé Akíntúndé, káfíńtà. Ìyá wọn ni Olóògbé Láídé, tó ń ta òrí àti àdín.

Wọ́n kàwé dé ìwé kẹrin kí bàbá wọn tó kú, lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ní 1958, wọ́n fẹ́ Olóògbé Enoch Ajíbọ́lá, òṣìṣẹ́ èbúté. Ní nǹkan bí ọdún 1979, tọkọtaya kó wá sí Festac Town, ìyá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sí Apple Junction. Bàbá wa sùn nínú Olúwa ní 1994.

Ní 2001, ìyá dara pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìjọ tó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni Ọ̀gbẹ́ni Ìkẹ́, ọ̀gá wọ́dà tó ń rí sí ọ̀ràn àwọn tó fẹ́ jáde, ti sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ẹni tí a tú sílẹ̀ kì í bá ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì. Wọn á rìn dé Mile 2, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì pè wọ́n ni wọn á tẹ̀ lé. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n jọ jalè tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ara rọ ìyá. Wọ́n tún yàrá ẹ̀yìnkùlé ṣe, kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ lè máa gbé níbẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dé, ní 2003, ni Mùsúdù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́wọ̀n. Ìyá fúnra wọn ló ní kí a má fi ohun tó ṣẹlẹ̀ pamọ́. Ẹ̀rù àdúgbò ba ìyá, wọ́n sì sọ pé àbúrò àwọn láti Ìlaró ni Mùsúdù. Wọn kò rántí pé ẹgbẹ́ ọmọ Ìlaró ní Festac kì í jẹ́ kí ọmọ ìlú dé láìkí i. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé obì wá, wọ́n bi í pé, “Agbo ilé wo lo ti wá?” Mùsúdù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bi ìyá ná. Bàbá Àyàntúndé, alága wọn, bú sẹ́rìn-ín: “Ọmọ Ìlaró tí kò mọ ilé baba rẹ̀! Ṣé inú bàálù ni wọ́n bí ọ sí ni?” Kí ilẹ̀ tó ṣú, òótọ́ ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n jí jẹnẹrétọ̀ Alhaja Sìlífátù, tó ń ta mílíìkì àti súgà ní òpópónà wa. Àwọn ọ̀dọ́ kó igi àti táyà wá sẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Alhaja ń pariwo: “Ìyá Ìyìn, ẹ kó olè wọ àdúgbò, ẹ tún ní àbúrò yín ni!”

Ìyá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. “Èmi ni mo parọ́, Alhaja, òun kọ́. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ ẹni tó tàn yín lẹ fẹ́ lù, èmi rèé.”

Kò sẹ́ni tó lè na arúgbó. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí Ọ̀gbẹ́ni Ìkẹ́ fi dé pẹ̀lú ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú àwọn tó jí jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún ní Mile 2, níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà á. Wọn kò mọ Mùsúdù rí. Alhaja kò mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Aṣọ ló gbé wá fún Mùsúdù: “Tí bùbá yìí bá fún mi lápá, wàá lọ wá agbo ilé rẹ ní Ìlaró o!” Bùbá náà kò fún un.

Láti ìgbà náà, ìyá kò gba ẹnikẹ́ni ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ìkẹ́ yóò wá sí ìpàdé àdúgbò, yóò sọ orúkọ ẹni náà, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó kọ́. Àdúgbò yóò béèrè ohun tó wù wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀, ìyá á fara mọ́ ìpinnu wọn. Wọ́n sì kọ̀ rí lóòótọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó kó táyà wá ló padà ń sin ìyá lọ sẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. A kò lè sọ iye ẹni tó gba yàrá náà kọjá, nítorí ìyá kì í kà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tún padà sẹ́wọ̀n, èyí sì dun ìyá títí dọjọ́ ikú wọn.

Ìyá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2009. Wọ́n fi àwọn ọmọ sáyé lọ: Ìyìn, Yíwọlá, Bímpé àti Mùsúdù, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àti àwọn ẹbí. A kọ Mùsúdù mọ́ wọn lẹ́yìn tí gbogbo ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan. Bí a bá gbàgbé ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àfojúdi.

Kí àìsàn tó dá ìyá dùbúlẹ̀, wọ́n ti dúró fún obìnrin ẹlẹ́wọ̀n kan, Hidaayah, níwájú àdúgbò, àdúgbò sì gbà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò jáde. Àwọn kan ti ń béèrè pé ta ni yóò gbà á báyìí. Ẹ̀yin tó wá bá wa sin ìyá, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa: yàrá náà ṣí sílẹ̀. Alhaja Sìlífátù àti Ìyìn ni yóò lọ pàdé rẹ̀.

Ìyá wa, kí ẹ má ṣe dé bodè ọ̀run láìrí ẹni tó ń dúró dè yín. Ẹ sùn re o.