Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Pupa Yẹn

Ojúlé Kẹrìnlá,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Salaamu alaekun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún yín lórí ìwé yìí kí n tó sọ ohunkóhun. Ọyẹ́ ọdún yìí ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi yín sílẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń rí oògùn orúnkún yín lò déédéé? Ara tèmi dá, iṣẹ́ sì ń lọ bó ṣe máa ń lọ, ọkàn mi nìkan ni kò sinmi. Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìgbà mẹ́ta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ni mo bá yín sọ tán tí mo fi pa á. Ojú ń tì mí láti gbọ́ ohùn yín bí mo bá ń sọ ọ́.

Ẹ rántí pé mo ní mo wà nínú ẹgbẹ́ kan níbí. Mi ò sọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́ fún yín rí. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò asáré ni. A kì í ta tẹ́tẹ́, a kì í sì í fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Dókítà wà láàárín wa, lọ́yà wà níbẹ̀, Olúkúnlé tó jẹ́ alága wa ń kọ́lé tà. Ohun tó pa wá pọ̀ ni pé mọ́tò wa lè sá eré tí kò sí ọ̀nà tí a ti lè sá a. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń wá títì kan tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, a ó tì í pa fún ọjọ́ kan, kálukú á wa tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ bó ṣe ń ya kọ́nà àti bí bíréèkì rẹ̀ ṣe ń mú. Tòkúnbọ̀ pupa ni tèmi. Òun ló gbó jù nínú gbogbo wọn.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣẹ̀ yín nìyí. Lọ́jọ́ tí mo wọ ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ òbí ni wọ́n ń sọ. Bàbá ẹnìkan jẹ́ adájọ́, ìyá ẹlòmíràn ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó kàn mí, mo ní ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi, pé ó ń gbé ní Kánádà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n wo? Èmi nìkan ni ẹ bí. Kò sí ẹni tó fipá bi mí. Irọ́ náà kàn yọ lẹ́nu mi bí ẹni sín ni, mo sì gbé e kiri fún ọdún mẹ́ta. Èmi tí ẹ fi oko ẹ̀gẹ́ rán lọ sílé-ìwé títí mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlá.

Lọ́dún tó kọjá, a wá títì títí, a ò rí. Ẹnu mi ni mo fi kó bá ara mi. Mo ní ọ̀nà kan wà lágbègbè wa tí wọ́n da ọ̀dà sí dé etí odò, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ nígbà tí afárá kò ṣeé ṣe, pé ó dán, ó gùn, ó ní kọ́nà méjì, kò sì sí mọ́tò tó ń gbà á nítorí pé kò débì kankan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n jẹ́ akọ̀wé ètò. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí mọ́ pé ìsàlẹ̀ oko yín ni ọ̀nà náà kọjá.

Ìyá mi, mo ṣètò ọ̀hún dáadáa. Mo kọ̀wé sí ọlọ́pàá, mo wá nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ tó lè gbé aláìsàn, mo kó táyà àlòkù jọ sí kọ́nà méjèèjì. Mo gbé obì lọ bá Baálẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi kéde pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ títì yẹn láti òwúrọ̀ Sátidé títí di aago méjì ọ̀sán. Baálẹ̀ kéde rẹ̀, wọn ò sì dárúkọ mi, bí mo ṣe bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n nítorí irọ́ Kánádà, mi ò lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé èmi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mo kàn sọ fún yín pé mo ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ní Ìlá, pé n ó yà sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ títì. Mi ò rántí láfún. Ta ni ọmọ oko ní ilẹ̀ wa tó lè gbàgbé pé lásìkò ọyẹ́, orí ọ̀dà ni gbogbo ilé ń sá láfún sí? Èmi ni. Àwọn tó tètè gbọ́ ìkéde kó tiwọn kúrò lọ́jọ́ Jímọ̀. Oko ni ẹ̀yin wà, ilẹ̀ ti ṣú kí ẹ tó gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ pa àṣẹ mọ́, ẹ ò tẹ títì, ẹ fi láfún yín sílẹ̀ síbẹ̀.

Mọ́kànlá ni mọ́tò tó wá. Nígbà tí a dé kọ́nà kejì, a rí funfun nílẹ̀ láti etí títì dé àárín. Mo rí korobá méjì tó ti ya, tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń fi korobá ṣe àmì, mo sì mọ̀ pé tiyín ni. Inú bí Olúkúnlé. Ó ní obìnrin wo ló da ìdọ̀tí yìí sójú ọ̀nà tí ẹ̀mí ènìyàn wà lórí rẹ̀, ó wá yíjú sí mi pé akọ̀wé, kí ni ká ṣe? Ká ní mo sọ pé ìyá mi ló ni ín, gbogbo wa ìbá bẹ̀rẹ̀, à bá kó o sínú àpò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tí a gbà gbá a dà sínú igbó.

Èmi ni ó kàn láti wakọ̀. Mo wọ inú mọ́tò, mo dé akoto, èyí tó máa ń bo gbogbo orí àti ojú. Ibẹ̀ ni mo ti rí yín tí ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ jáde, ẹ dúró létí koríko, ẹ ò tẹ ọ̀dà. Ẹ wo ìgbálẹ̀, ẹ wo láfún nínú igbó. Mọ́tò tèmi ló sún mọ́ yín jù. Ẹ̀yin, ìyá tó bí mi, ẹ kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ fi Ìgbómìnà wa sílẹ̀, ẹ sọ irú Yorùbá tí wọ́n ń sọ lórí rédíò, èyí tí ẹ máa ń sọ fún àlejò:

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Wọ́n ní ká má tẹ títì ni mi ò fi lè kó o. Ọmọ tèmi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn lónìí. Kọ́lájọ lorúkọ ẹ̀. Bóyá ẹ mọ̀ ọ́n sà?”

Mo ní, “Rárá. Mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ ní, “Ó dáa sà. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ délé bá ìyá yín.”

Èmi ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pupa yẹn. Mo tẹ iná, mo sì lọ. Wọ́n ní nínú gbogbo wa lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ya kọ́nà kejì dáadáa jù.

Nígbà tí mo fi mọ́tò pamọ́ sí Ìlá tí mo sì délé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti gúnyán. Ẹ bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé kò ní sí láfún tí n ó gbé lọ, nítorí èyí tí ẹ sá sílẹ̀ dè mí, àwọn ọ̀gá kan fẹ́ lo títì. Ẹ ò bú wọn. Ẹ wò mí fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá fi ẹran kún ọbẹ̀ mi. Mo jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, ìwò yẹn ni mo ń rò, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ìpàdé wa lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí Kánádà dórí “mi ò mọ̀ ọ́n”. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olúkúnlé ni inú bí jù. Ó ní, “O wá jẹ́ kí n pe ìyá ẹ ní ìdọ̀tí.” Mo ní láfún ló pè bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀kan náà ni. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ìyá mi, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lórí ìwé. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ èrò ni n ó wọ̀. Etí títì yẹn, níbi tí ẹ kúnlẹ̀ sí, ni mo fẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ fún yín ní ojúmọmọ, lójú Baálẹ̀ àti gbogbo abà, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Bí ẹ bá ní kí n má wá, n ó gbọ́. Ọlọ́run á lọ́ra ẹ̀mí yín, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ọmọ tí ẹ bí kò ní di àjèjì sí yín mọ́.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo tó dójú tì yín,
Kọ́lájọ.

Àfikún: Àdúràgbèmí, ìwọ tí o ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, mo mọ̀ pé aláàánú ni ọ́. Jọ̀ọ́, má fo ibi tí wọ́n ti kúnlẹ̀, má sì fi ohùn rọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé èmi ni, má fi pamọ́ fún mi.