Ohùn Rẹ Jáde Láti Ara Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Bàbá Rẹ

Ọmọ mi Alákọ̀wé,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá ìlú ńlá. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àdúrà tó kù wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, torí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́nà ọ̀fun mi kò lè dúró.

O mọ awakọ̀ tí à ń pè ní Jó-Délé. Láti ìgbà tó ti fi orin olóhùn ńlá sínú ọkọ̀ rẹ̀, òun ni gbogbo èrò gáréèjì ń wọ́ tẹ̀lé. Bàbá rẹ á jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ láti àárọ̀, rédíò rẹ̀ á máa ṣe bí ẹni tó ń sunkún nínú ìkòkò, àgbàlagbà méjì pere ni yóò wọlé, etí ọ̀kan nínú wọn sì di.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó gbé owó wá bá mi, ó ní ìwọ lo fi ránṣẹ́ kí òun fi tún ohùn ọkọ̀ ṣe. Mi ò bi í léèrè kankan. Iṣẹ́ tí owó rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, kí ni à ń dúró dè? Oṣù mẹ́ta tí mo fi kọ́ nípa òwò ṣíṣe ní ilé ìwé àgbà kò lọ lásán: mo mú ìwé, mo fa ìlà, mo kọ ohun tí a ó rà àti ọjọ́ tí a ó rà á. Sípíkà mẹ́rin, àlòkù. Ańpílífáyà kan, ìyẹn àpótí irin tó ń fún ohùn lágbára, àlòkù tí ara rẹ̀ ti ha. Wáyà nìkan ni a rà ní tuntun, torí rẹ́wáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní èyí tó bá tín-ín-rín lè gbiná. Mo rí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gàdàgbà lára àpótí náà, mo ka iye yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, ó ní agbára ẹ̀rọ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe owó. Mo ní kí ló wá dé tí wọn ò kọ owó, ṣé agbára la fẹ́ san ni?

Rẹ́wáyà fẹ́ kọjú sípíkà sínú ọkọ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo bi í pé ta ni à ń wá, ṣé ẹni tó ti wọlé ni àbí ẹni tó ṣì wà níta? Ó ní òun ò ṣe irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní ìdí nìyẹn tí kò fi tíì lówó. Ó gé ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọjú sípíkà síta, ó gbé ańpílífáyà sí búùtù, ó sì so fóònù bàbá rẹ mọ́ ọn láìlo wáyà kankan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Láàárọ̀ àná, bàbá rẹ tẹ orin ní gáréèjì. Ọmọ mi, ilẹ̀ mì! Ìyá oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ méjèèjì di igbá rẹ̀ mú. Kí a tó mọ̀, ọkọ̀ ti kún, Jó-Délé la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jí oúnjẹ rẹ̀ gbé. Àfi bí orin ṣe dákẹ́ lójijì, tí ohùn rẹ sì jáde láti ara ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

O ní Bàbá, ẹ káàárọ̀. Gbogbo gáréèjì dá ọ lóhùn. Mo sáré lọ ṣí búùtù, mo rò pé o ti wà níbẹ̀. Bàbá rẹ ń tẹ fóònù síwá sẹ́yìn, ìwọ ò sì dákẹ́. O ní ṣé wọ́n ti fi owó tí o fi ránṣẹ́ pààrọ̀ bíréèkì, torí mẹkáníìkì ti sọ fún ọ pé ó ti jẹ tán, pé kí wọ́n má fi ọkọ̀ yẹn gbé ẹnikẹ́ni, adìyẹ pàápàá.

Bíréèkì! Èmi tí mo fa ìlà sí ìwé! Owó bíréèkì ni mo fi ra ariwo!

Àwọn èrò ò dúró gbọ́ ìyókù. Àwọn kan gba ilẹ̀kùn, àwọn kan gba fèrèsé. Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ di yẹn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó gbọ́ ti àná ketekete. Jó-Délé ní ẹ kú orin o, ẹ̀yin tẹ́ ò lè dúró.

Bàbá rẹ wolẹ̀. Ó ní òun rò pé tí èrò bá pọ̀ lọ́sẹ̀ kan péré, òun á ti rí owó bíréèkì padà, pé bíréèkì ò pe èrò fún òun rí. Bí èmi náà ṣe máa ń rò ó nìyẹn. Ogún ọdún ló ti ń wakọ̀, kò sẹ́ni tó fara pa lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gba kọ́kọ́rọ́, mo so ó mọ́ etí ìró mi, ibẹ̀ ló wà báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Fi owó bíréèkì mìíràn ránṣẹ́. Má fi í fún bàbá rẹ, má fi í fún èmi náà. Mẹkáníìkì ni kí o fi ránṣẹ́ sí tààrà, mo ti dá ọjọ́ Ẹtì fún un, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bá mi bi àwọn oní-fóònù bóyá ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gba owó ìpè yẹn lọ́wọ́ rẹ, nítorí sípíkà mẹ́rin lo fi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n dá mẹ́ta padà, ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ.

Rẹ́wáyà ní òun fẹ́ yọ sípíkà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ajé, aago méje àárọ̀ géérégé, nígbà tí gáréèjì bá kún, kí o pe bàbá rẹ. Kí i dáadáa, kí o wá bi í pé bíréèkì ńkọ́. Òun á dáhùn níṣojú gbogbo wọn pé ó ti di tuntun, mẹkáníìkì á sì dúró tì í. Má pariwo, ẹ̀rọ á bá ọ ṣe ìyẹn. Má sì pẹ́: tó bá fi lè di aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Jó-Délé ti kó wọn lọ.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí o jọ̀wọ́ máa kọ́kọ́ bèèrè bóyá òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Àdúrà tí mo jẹ ọ́ rèé: ọ̀nà rẹ á dán, ohun tó bá yẹ kó dúró láyé rẹ á dúró lójú ẹsẹ̀, ìròyìn rẹ á máa dùn ún gbọ́ létí gbogbo èèyàn, pàápàá lọ́jọ́ Ajé. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.