Bọ́tìnnì Pupa Orí Wọkí-tọ́kì

Ọjọ́bọ. Ẹnu mi ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀.

Wọkí-tọ́kì àlòkù tí mo tà fún àwọn ọlọ́dẹ ìlú Tema, ní Ghana níbí, ló fà á. Òpó agbóhùnkiri ti ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mo tún wọn tò kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń ké gbàjarè sì kú, nítorí òpó yẹn ló ń gbé igbe rẹ̀ lọ. Mo sọ fún ọ̀gá wọn. Kò sọ fún wọn.

Kofi, ọ̀kan nínú wọn, tẹ bọ́tìnnì náà nígbà tí àwọn olè ń fi àdá ṣá a. Kò sẹ́ni tó gbọ́.

Lónìí ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú báńdéèjì lápá, ó la wọkí-tọ́kì náà mọ́ mi lẹ́nu, ó tì í sí mi lọ́wọ́, ó fún mi lọ́rùn, ó pè mí ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa ará Nàìjíríà níbí.

"Alata, tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá gbà ọ́."

Èmi tí mo pa bọ́tìnnì náà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ojú mi fi ṣókùnkùn.