Pákó Tí Bàbá Rẹ Ń Kọ Èrò Sí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọkùnrin kékeré tó ń rẹ́rìn-ín sí mi nínú fọ́tò. Ṣé ara rẹ̀ ti ń le díẹ̀? Èmi náà wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n wá ibi tí bàbá rẹ kọ èrò àga ọmọ yẹn sí, àga tí yóò gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dúró kó lè jókòó bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí káfíńtà ọ̀dọ̀ yín lè bá yín kàn án. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń mú bírò, tí mo tún ń gbé e kalẹ̀.

O mọ ìṣe bàbá rẹ. Láràárọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ayùn, wọn á jókòó sórí àpótí, wọn á yọ pẹ́ńsù létí, wọn á kọ ohun kan ṣoṣo tó bá sọ sí wọn lọ́kàn sára ègé pákó. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé igi ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Wọ́n á ní, "Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó, èrò kì í dúró de èèyàn. Ẹni tó bá ń jókòó dè é lójoojúmọ́ ló ń bá a." Láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọmọ rẹ, àga yẹn nìkan ni wọ́n ń kọ, oṣù mẹ́jọ gbáko. Àpò kan kún fún irú ègé pákó bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn.

Nígbà tí wọ́n kú, àlejò kún ilé, òtútù ń mú, gáàsì sì tán. A ń wá ohun tí a ó fi dáná omi ìwẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé àpò náà wá. Mo rò pé tí wọ́n bá ti kọ nǹkan tán, orí wọn ló wà, pé pákó ò wúlò mọ́. Mo gbàgbé pé orí ọ̀hún ti lọ. Ọjọ́ méjì la fi jó o tán. Àfọwọ́fà ni, ọmọ mi. Ojú ń tì mí, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Mo tú ṣọ́ọ̀bù palẹ̀. Ẹyọ kan péré ló kù, èyí tí mo fi ti ẹsẹ̀ tábìlì ìdáná. Mo nù ún, mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀yìn àga. Ohun tí wọ́n kọ rèé: "Lónìí, èrò kankan ò wá. Mo jókòó. Màá tún jókòó lọ́la."

Mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo ti ń jókòó sórí àpótí wọn láràárọ̀, tí mò ń kọ ohun tí mo bá rántí lẹ́nu wọn nípa àga náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ mẹ́ta, òfo. Ní ọjọ́ kẹrin mo rántí pé wọ́n ní aṣọ ni kí a fi so àyà ọmọ mọ́ àga, kì í ṣe awọ, kó má bàa bó o lára. Ìyẹn nìkan ni mo ní. Mi ò ní dìde níbẹ̀.

Ọmọ rẹ yóò jókòó, yóò dìde, yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ ìwọ ṣe irú èyí tí tèmi ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń bẹ̀ ọ́.

Mo tún rántí: Mo di pákó náà mọ́ lẹ́tà yìí. Tábìlì ìdáná ti tún ń mì. Jẹ́ kó máa mì.